Owó Ẹran Ọjọ́ Ẹtì: Bí A Ṣe Ń Fi Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì Ran Ìdílé Aláìní Lọ́wọ́ Lókè Òkun

Kí Ọjọ́rú Eérú tó dé lọ́dọọdún, àwọn páríìṣì ní Amẹ́ríkà máa ń pín àpótí bébà pẹlẹbẹ kan fún àwọn ìdílé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. CRS Rice Bowl ni wọ́n ń pè é. Ní England àti Wales, ẹ́ńfílọ́ọ̀pù CAFOD ni wọ́n ń pín. Ní Scotland, Wee Box ti SCIAF. Ní Ireland, àpótí Trócaire. Àjọ ìrànwọ́ Kátólíìkì ni CRS (Catholic Relief Services), CAFOD, SCIAF àti Trócaire; owó tí ìdílé bá kó sínú àpótí nígbà Lẹ́ńtì ni wọ́n fi ń ran aláìní lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa á gbà á, a ó gbé e sórí fìríìjì, yóò sì di ọ̀sẹ̀ Àjíǹde kí a tó rántí pé ó wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn la ó wá tú àpò kóòtù, a ó kó ṣéńjì tó bá wà níbẹ̀ sínú rẹ̀, a ó gbé e lọ.

Owó náà wúlò, kò sí ẹni tí yóò dá a padà. Àmọ́ owó àjẹkù nìyẹn. Owó tí Ìjọ ń bèèrè nígbà Lẹ́ńtì ni owó oúnjẹ tí a ò jẹ. Póòpù Leo Ńlá ti wàásù rẹ̀ láti nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn pé ohun tí aláàwẹ̀ bá fi du ara rẹ̀ ni kó di oúnjẹ tálákà. Ààwẹ̀ àti ìtọrẹ àánú kì í ṣe iṣẹ́ méjì. Ẹni tó bá gbààwẹ̀ tó kó owó rẹ̀ pa mọ́ kàn ń ṣọ́ owó ná ni.

Àwa Yorùbá Kátólíìkì tó ń gbé ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà ni mo ní lọ́kàn jù bí mo ṣe ń kọ ọ́, torí ibẹ̀ ni àwọn àpótí wọ̀nyí wà. Ẹni tó wà nílé náà yóò rí ohun tó kàn án.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣírò owó náà kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ mú kàlẹ́ńdà. Ní 2027, Ọjọ́rú Eérú bọ́ sí 10 oṣù Kejì, Àjíǹde sì bọ́ sí 28 oṣù Kẹta. Ọjọ́ Ẹtì méje ló wà láàrin wọn, tí a bá ka Ọjọ́ Ẹtì Mímọ́ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 14 gbọ́dọ̀ yẹra fún ẹran ní Ọjọ́rú Eérú àti ní àwọn ọjọ́ Ẹtì yẹn. Ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàrin 18 sí 59 tún gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ ní Ọjọ́rú Eérú àti Ọjọ́ Ẹtì Mímọ́: oúnjẹ àjẹyó ẹ̀ẹ̀kan, pẹ̀lú ìpanu kékeré méjì tí àpapọ̀ wọn kò gbọdọ̀ tó oúnjẹ kan. Òfin yìí ò de aláìsàn, aboyún àti ìyá ọlọ́mọ tó ń fọ́mọ lọ́mú, ṣùgbọ́n àwọn náà lè fowó sínú àpótí.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò ní fura sí ní 2027: ọjọ́ Ẹtì 19 oṣù Kẹta ni àjọ̀dún Jósẹ́fù Mímọ́. Nígbà tí irú àjọ̀dún ńlá bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, òfin Ìjọ gbà wá láàyè láti jẹ ẹran. Ẹ jẹ ẹ́ bó bá wù yín. Ní tèmi, màá yọ owó náà síbẹ̀.

Ìṣirò náà kò le. Ká ní ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún kan wà ní Peckham tó máa ń ná £12 lórí ẹran fún oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì méje àti Ọjọ́rú Eérú jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ, owó rẹ̀ sì jẹ́ £96. Ẹ kọ iye yẹn sára àpótí náà lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e dé ilé. Kó má jẹ́ pé ìparí ààwẹ̀ lẹ ó tó máa wò ó bóyá ó kù. Lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó lọ sí ọjà, ẹ yọ £12 yẹn sínú àpótí tàbí kí ẹ tì í sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀ lórí fóònù. Owó tí ẹ bá fi sílẹ̀ sínú àkáǹtì tí ẹ fi ń náwó, kì í dé ọ̀sẹ̀ kejì.

Ẹni tí £12 bá pọ̀ jù fún, kó mú £2. Ìwé Tóbítì ò fi èyí pa mọ́: ẹni tó ní púpọ̀, kó fúnni ní púpọ̀, ẹni tó ní díẹ̀, kó má bẹ̀rù láti fi díẹ̀ náà tọrẹ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo inú ìkòkò

Ibi tí a ti ń tan ara wa jẹ nìyí. Òfin ní ká má jẹ ẹran, ó dáa, a wá ra ẹja àrọ̀ tútù, edé ńláńlá àti ẹja òkun olówó gọbọi. Nígbà tí a bá délé tí a wo rìsíìtì, owó ọjọ́ Ẹtì ti ju ti ọjọ́ Àìkú lọ. A ò rú òfin, ṣùgbọ́n kò sí kọ́bọ̀ tó kù fún àpótí.

Oúnjẹ tó ń mú owó jáde nínú ìkòkò ni oúnjẹ tí a ti mọ̀ láti kékeré: ẹ̀wà àti gàárì, àdàlú, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí a ò fi ẹyin tàbí ẹja sínú rẹ̀, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú láìfi ohunkóhun há a. Nínú ìwé tó máa ń bá Rice Bowl wá, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà se oúnjẹ aláìlẹ́ran láti àwọn orílẹ̀-èdè tí CRS ti ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń gbádùn kíka ìtàn ìdílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ju oúnjẹ náà lọ, ìyẹn náà sì dára.

Ní Èkó, àwọn ọmọ Àgùdà, àrọ́mọdọ́mọ àwọn tó padà wá láti Brazil, ní oúnjẹ Ọjọ́ Ẹtì Mímọ́ tiwọn tó ti tàn ká àárín Kátólíìkì: Frejon. Wọ́n á se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀ pátápátá, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ kí èèpo má bàa wà nínú rẹ̀. Wọ́n á wá rin àgbọn, wọ́n á fún omi rẹ̀ lé e, wọ́n á sì máa rò ó lórí iná títí yóò fi ki, òórùn àgbọn á gba gbogbo ilé. Frejon fúnra rẹ̀ kì í wọ́n. Ẹja díńdín àti ọbẹ̀ ata tó yí i ká ló ń gbé owó lọ. Lọ́dún yìí, ẹ se Frejon, kí ẹ dín ẹja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kù sí ìdajì, kí ìdajì kejì lọ sínú àpótí.

Ẹni tí kì í jẹ ẹran tẹ́lẹ̀ lè yọ nǹkan mìíràn: kọfí ojú ọ̀nà, Uber tí ẹsẹ̀ lè rìn, bíà, owó fíìmù. Aṣọ ẹbí Àjíǹde náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá láyà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ má fi owó ilé ṣe owó ààwẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sí nínú ìwé àwọn òyìnbó torí kò kàn wọ́n tó bó ṣe kàn wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fowó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá, owó oúnjẹ màmá, owó ilé-ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n. Bí Fàdá bá wá gun orí pẹpẹ tó ń sọ̀rọ̀ ìdílé tó ń jìyà lókè òkun, ẹnì kan á rọra sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé, “Mọ̀lẹ́bí mi gan-an ló wà ní òkè òkun, èmi ti ń ṣe tèmi.”

Mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n mi ò gbà fún un. Owó tí ọmọ ń fún ìyá rẹ̀ jẹ́ ojúṣe, òfin kẹrin nínú Òfin Mẹ́wàá ló sì pa á láṣẹ bí Kátólíìkì ṣe ń kà á. Kò sí ẹni tó ń pe gbèsè tó san ní ìtọrẹ. Ìtọrẹ àánú ni owó tó lọ bá ẹni tí kò ní pè yín lórí fóònù láé, tí kò mọ orúkọ yín, tí kò sì ní lè gbàdúrà fún yín lórúkọ.

Àṣìṣe òdìkejì rẹ̀ burú jù. Ẹlòmíràn á dín owó màmá rẹ̀ kù láti lè kún àpótí ṣọ́ọ̀ṣì. Jésù bá irú àwọn bẹ́ẹ̀ wí nínú ìwé Máàkù orí keje: àwọn tó ń sọ fún òbí pé ohun tó yẹ kí ẹ rí gbà lọ́wọ́ mi ti di Kọ́bánì, mo ti fi fún Ọlọ́run. Ó ní wọ́n fi àṣà wọn sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di asán. Nítorí náà, àpò méjì ni kí ẹ ní. Àpò ilé kò gbọ́dọ̀ gbẹ nítorí àpò ààwẹ̀, àpò ààwẹ̀ kò sì gbọdọ̀ di òfìfo nítorí pé àpò ilé wà. Bí nǹkan bá le tó bẹ́ẹ̀ tí méjèèjì ò ṣeé ṣe, ẹ bójú tó ti ilé, kí ẹ sì fi owó ẹyọ kan sínú àpótí lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan kí àwọn ọmọ lè rí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wo ọrùn ẹni tó fẹ́ fúnni láṣọ

Ẹni tó bá ní òun yóò fún wa láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ mọ ilé tó ń lọ.

CRS ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1943, láàrin Ogun Àgbáyé Kejì. Rice Bowl bẹ̀rẹ̀ ní 1975 ní Allentown, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, nígbà tí ọ̀dá àti ìyàn mú agbègbè Sahel ní Áfíríkà. Ní 1977 àwọn bíṣọ́ọ̀bù sọ ọ́ di ètò CRS fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. CAFOD ní tirẹ̀, àwọn obìnrin ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1960, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin Kátólíìkì ní England àti Wales ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú Lẹ́ńtì fún ààwẹ̀ ìdílé, wọ́n kó owó rẹ̀ lọ fún ilé ìtọ́jú ìyá àti ọmọ ní erékùṣù Dominica. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù dá CAFOD sílẹ̀. Ọjọ́ ààwẹ̀ yẹn ṣì wà: ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé ọjọ́ Àìkú kìíní Lẹ́ńtì ni, ìyẹn 19 oṣù Kejì ní 2027. Misereor ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ ní 1958, SCIAF ní 1965, Trócaire ní 1973. Ní Brazil, Campanha da Fraternidade ni tiwọn, ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ ni wọ́n ń gba owó rẹ̀, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún á dúró sí dáyósíìsì, ìdá 40 á lọ sí àpò gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìyẹn wà fún aláìní ilé wọn.

Àwọn àjọ bí CRS, CAFOD àti Caritas Nigeria jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Caritas Internationalis, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lé ní 160 káàkiri ayé. Bí ẹnì kan bá sọ pé ọ̀dọ̀ Caritas lòun ti wá, ẹ lè wò ó níbẹ̀. Ní England àti Wales, ẹ wá orúkọ àjọ náà nínú àkójọ orúkọ tó wà lọ́wọ́ Charity Commission. Ní Scotland, OSCR, tó ń ṣàkóso àwọn àjọ aláàánú níbẹ̀, ni. Ní Amẹ́ríkà, ojú ìwé Tax Exempt Organization Search ti IRS, ilé-iṣẹ́ owó-orí ìjọba. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹ tún ṣí ìròyìn owó wọn ti ọdún tó kọjá. Ẹ má kàn wo iye tí wọ́n ná sórí ọ́fíìsì kí ẹ sì fi ìyẹn nìkan dá wọn lẹ́jọ́: àjọ tí kò ní olùṣírò owó tó dáńtọ́ ló máa ń rọrùn jù fún olè láti jà lólè.

Àwọn gbájú-ẹ̀ mọ ìgbà Lẹ́ńtì bí àwa náà ṣe mọ̀ ọ́n. Wọ́n á fi àwòrán Fàdá páríìṣì sórí WhatsApp tàbí kí wọ́n kọ ímeèlì lórúkọ rẹ̀: “Mo wà nínú ìpàdé, mi ò lè gbé fóònù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi ra gift card fún aláìsàn kan.” Kò sí Fàdá tó ń fi gift card ṣe ìtọrẹ àánú. Ẹ pe nọ́ńbà ọ́fíìsì páríìṣì tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, ẹ má pe èyí tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Fún sísan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fúnra yín tẹ àdírẹ́sì rẹ̀, bíi cafod.org.uk tàbí crsricebowl.org, kí ẹ má tẹ̀lé líǹkì tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sórí ẹgbẹ́ WhatsApp, bó ti wù kó jẹ́ ẹni iyì tó.

Àpò ṣọ́ọ̀ṣì náà ń fẹ́ àkíyèsí. Owó tí a ń dá ní Ọjọ́ Ẹtì Mímọ́ ń lọ sí Ilẹ̀ Mímọ́, fún àwọn Kristẹni àti ibi mímọ́ tó wà níbẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ti Rice Bowl kọ́ nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ dáyósíìsì Amẹ́ríkà, owó mìíràn tún wà ní ọjọ́ Àìkú kẹrin Lẹ́ńtì tó ń jẹ́ Catholic Relief Services Collection; òun náà yàtọ̀ sí àpótí. Ẹ bèèrè kí ẹ tó jù ú sínú agbọ̀n.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ mọ iṣẹ́ tí owó náà ń lọ ṣe

Nínú owó Rice Bowl, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ń lọ sí iṣẹ́ CRS lókè òkun, ìdá 25 ń dúró sí dáyósíìsì yín fún aláìní àdúgbò. Ẹni tó bá fi dọ́là kan sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ogójì ọjọ́ ti rán $30 lọ sókè òkun, $10 sì wà nílé.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí $30 yẹn? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹnì kan á kà á lé obìnrin kan lọ́wọ́ ní abúlé. Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n ń fúnni lówó lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, pàápàá lẹ́yìn àgbàrá tàbí ogun. Ṣùgbọ́n èyí tó wù mí jù nínú iṣẹ́ wọn kò fún ẹnikẹ́ni lówó rárá. Wọ́n ń pè é ní SILC, ìyẹn ẹgbẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń tọ́jú owó pọ̀ tí wọ́n sì ń yá ara wọn, ọmọ Yorùbá tó bá sì mọ àjọ dídá yóò yára lóye rẹ̀.

Nínú àjọ tiwa, alájọ á máa gba owó wa lójoojúmọ́, yóò mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Owó wa á jókòó lọ́wọ́ rẹ̀, kì í bí ọmọ, ìgbà mìíràn alájọ náà á sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èsúsú dára díẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kó kẹ́yìn lè ní ìṣòro lóṣù kejì kí tirẹ̀ tó kàn. Nínú SILC, ènìyàn 15 sí 30 tí wọ́n fúnra wọn yan ara wọn á máa pàdé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Àpótí wà láàrin wọn pẹ̀lú àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò sì sí lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé àpótí sílé. Wọ́n á ka owó lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ ra ajílẹ̀ tàbí tó fẹ́ kún ọjà rẹ̀ á yá nínú rẹ̀, á dá a padà pẹ̀lú èlé, èlé náà sì jẹ́ ti gbogbo wọn. Wọ́n tún ń ya owó kékeré kan sọ́tọ̀ fún àìsàn àti ìsìnkú. Bí ọdún bá ń yí po, wọ́n á pín gbogbo owó náà, oníkálukú á gba tirẹ̀ pẹ̀lú èrè, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń ṣètò ìpínwó yẹn kó bọ́ sí ìgbà tí ìnáwó pọ̀: ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbin nǹkan, tàbí ìgbà tí ọmọ ń wọlé sí ilé-ìwé.

CRS kì í fi owó tirẹ̀ sínú àpótí yẹn. Owó yín ló ń kọ́ ẹni tó ń kọ́ wọn. Ẹni náà á kọ́ ẹgbẹ́ kan ní bí wọ́n ṣe ń kọ àkọsílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣòfin fún ẹni tó bá pẹ́, bí wọ́n ṣe ń yanjú ìjà. Bó bá sì mọ iṣẹ́ náà dáadáa, àwọn ẹgbẹ́ fúnra wọn á máa san owó iṣẹ́ fún un, yóò máa dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ láìgba owó lọ́wọ́ CRS mọ́. Wọ́n ti ṣe é ní Nàìjíríà náà, láàrin àwọn ìdílé tó ń tọ́jú ọmọ òrukàn. Nígbà tí ọmọ yín bá bi yín pé ta ló jẹ owó òun, èyí lẹ lè sọ fún un.

Ọ̀nà mìíràn ni ọjà irúgbìn. Bí ọ̀dá bá run irúgbìn àwọn àgbẹ̀, wọ́n á dá ọjọ́ ọjà kan, wọ́n á fún àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìrajà, wọ́n á pe àwọn tó ń ta irúgbìn ní agbègbè náà. Àgbẹ̀ á yan èyí tó mọ̀ pé ilẹ̀ òun gbà, ẹni tó ń tà á náà á sì jèrè. Ó sàn ju kí ọkọ̀ ńlá kó irúgbìn àjèjì wá láti ọ̀nà jíjìn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín: ẹ má kó aṣọ àlòkù àti agolo ẹ̀wà sínú àgbá láti fi ṣe ìtọrẹ Lẹ́ńtì. Owó tí ẹ ó fi gbé e lè ju iye tó jẹ́ lọ, ó sì ń ba ọjà àwọn tó ń ta aṣọ lọ́hùn-ún jẹ́. Owó ló ń rìn fúyẹ́. Bí wọ́n bá sì bi yín pé iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ kí owó náà ṣe, ẹ jẹ́ kó lọ síbi tó bá ti pọn dandan jù, àyàfi tí ẹ bá ní ìdí pàtàkì. Owó tí a so mọ́ kànga ní abúlé kan ò lè jáde lọ bá ìyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ níbòmíràn.

Owó ẹnì kọ̀ọ̀kan ti wá níye lórí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2025, bí ìdajì owó tí CRS ń ná ló ń wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, pàápàá láti USAID, àjọ tí ìjọba náà fi ń ṣe ìrànwọ́ lókè òkun nígbà yẹn. Nígbà tí ìjọba dá owó ìrànwọ́ yẹn dúró, CRS ní láti dá àwọn òṣìṣẹ́ kan dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì pa àwọn iṣẹ́ kan tì. Ìjọba Ìlú Ọba náà ti kéde lọ́dún yẹn pé àwọn yóò dín owó ìrànwọ́ kù láti ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè sí 0.3 nígbà tí yóò bá fi di 2027.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ san án lọ́nà tí yóò fi pọ̀ sí i

Ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ Gift Aid ni. Bí ẹ bá ń san owó-orí, ìjọba yóò fi 25p kún £1 kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fún àjọ aláàánú, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. £96 ti ìdílé Peckham yẹn á di £120. Ohun tí ẹ ó ṣe ni kí ẹ kọ orúkọ yín ní kíkún, àdírẹ́sì ilé àti postcode sára ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, kí ẹ sì fa igi (tick) sínú àpótí kékeré tí wọ́n kọ Gift Aid sí lára ẹ́ńfílọ́ọ̀pù náà. Ẹni tí kò san owó-orí tó iye tí wọn yóò gbà lọ́dún náà, kó má fà á, torí òun ni ìjọba yóò ní kó san ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń san owó-orí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lè bèèrè fún £25 padà lórí £100 tó bá fi tọrẹ. Ẹ bèèrè rẹ̀, kí ẹ fi kún ti ọdún tó ń bọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, owó ẹyọ inú àpótí kò ní ẹ̀rí. IRS ń fẹ́ àkọsílẹ̀ báńkì tàbí ìwé láti ọ̀dọ̀ àjọ náà fún owó èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ yọ kúrò nínú owó tí wọn yóò gba owó-orí lé lórí. Bó bá tó $250 lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé ìjẹ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ wọn di dandan. Ẹ ka owó náà lórí tábìlì pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹ kó o sínú àkáǹtì yín, kí ẹ kọ ìwé sọ̀wédowó fún iye rẹ̀, kí ẹ sì kọ “CRS Rice Bowl” sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láti ọdún owó-orí 2026, àwọn tí kì í to ìnáwó wọn lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé owó-orí (itemize) náà lè yọ ìtọrẹ tí kò ju $1,000 lọ, tàbí $2,000 fún tọkọtaya tó ń kọ ìwé pọ̀.

Owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ tààrà sí páríìṣì tàbí sí ọ́fíìsì JDPC kan ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú-Òde lè ṣe iṣẹ́ rere gan-an, nítorí JDPC ni apá Ìjọ tó ń bójú tó ìdájọ́ òdodo àti ìdàgbàsókè. Ṣùgbọ́n kò ní Gift Aid, ẹ ò sì lè yọ ọ́ nínú owó-orí Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá yàn án, ẹ san án sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ dáyósíìsì tàbí JDPC, kó má jẹ́ orúkọ ẹnì kan, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Bí ẹ bá ń ṣe é lẹ́gbẹ́

Ẹgbẹ́ Yorùbá Kátólíìkì ní ìlú kan lè pawọ́ pọ̀. Ènìyàn méjì tí wọn kì í ṣe mọ̀lẹ́bí ni kó ka owó, lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n jọ fọwọ́ síwèé, kí owó sì wọ báńkì kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ni èyí: bí akápò bá kó owó gbogbo ènìyàn jọ tó sì san án láti àkáǹtì tirẹ̀, kò gbọdọ̀ fa igi sí Gift Aid lórí gbogbo rẹ̀. Owó ara ẹni nìkan ni ènìyàn ń ṣe Gift Aid lé lórí. Ẹ jẹ́ kí oníkálukú kọ ẹ́ńfílọ́ọ̀pù tirẹ̀. Fún owó kéékèèké tí kò ju £30 lọ tí kò ní orúkọ, àjọ tó ń gbà á lè lo ètò mìíràn láti gba àfikún lórí owó tí kò ju £8,000 lọ lọ́dún. Àwọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ má ka orúkọ àti iye owó síta nínú ìpàdé. Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń mú owó jáde fún ilé kíkọ́. Nínú Lẹ́ńtì, Mátíù orí kẹfà ni wọ́n ń kà fún wa lọ́jọ́ kìíní pàá, níbi tí Jésù ti ní ká má fọn fèrè níwájú ara wa.

Lẹ́yìn Àjíǹde

Ẹ dá àpótí padà sí páríìṣì ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá dá fún un. Àwọn kan ń gbà á ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, àwọn mìíràn lẹ́yìn Àjíǹde. Ẹ tọ́jú rìsíìtì sínú fáìlì owó-orí. Ẹni tó bá ṣàkíyèsí pé ilé ò tú nígbà tí ẹran kò sí lọ́jọ́ Ẹtì, kó wo ọ̀rọ̀ direct debit kékeré kan, bíi £5 lóṣù, nítorí iṣẹ́ bíi SILC ń gba ọdún, owó tó dájú lóṣooṣù sì ni àjọ lè fi gba òṣìṣẹ́. Bí ẹ bá sì ti kúrò ní àdírẹ́sì tí ẹ kọ sórí ìwé Gift Aid, tàbí tí ẹ ò san owó-orí mọ́, ẹ kọ̀wé sí àjọ náà kí wọ́n tún un ṣe.